Àwòrán Ẹsẹ̀ Tiransífọ́mà

"Ó jọ ọ́, kì í ṣe òun." Ohun tí mo sọ fún ọ̀gá mi nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Tudun Wada lápá àríwá, níbi tí a ti ń ṣe ínfátà tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n ya bọ́ọ̀dù, pátákó tí àwọn ẹ̀yà inú ínfátà ń jókòó lé, sórí kọ̀ǹpútà, ká fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ṣáínà, kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n lu ihò sí i. Àwòrán ẹsẹ̀ oríṣiríṣi nǹkan, ìyẹn irin tín-ín-rín tó ń wọ ihò bọ́ọ̀dù, wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Ṣùgbọ́n tiransífọ́mà tiwa, bàbá kan ládùúgbò ló ń fọwọ́ wé wáyà rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ta ni ẹ ti fẹ́ bá a? Ọ̀gá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, lọ wá èyí tó jọ ọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n lò ó. Mo fárígá. Mo gbé kálípà tí a fi ń wọn nǹkan kéékèèké, mo wọn ẹsẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lára tiransífọ́mà márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ya tiwa.

Ọ̀gá mi ní, "Bí ihò ò bá bọ́ síbi tó yẹ, a ti fi gbogbo bọ́ọ̀dù yẹn dáná nìyẹn. Ìwọ náà á sì padà sí ṣọ́ọ̀bù abọ́ ìyá ẹ."

"Kò burú, sà."

Ṣé kí n purọ́? Àyà mi já. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bẹ ìyá mi kó tó gbà pé ọmọbìnrin lè fi iṣẹ́ yìí jẹun.

Kí a tó fi àwòrán náà ránṣẹ́, mo lọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí n lè gbé tiransífọ́mà lé e wò. Ẹsẹ̀ ò bá ihò mu rárá. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Ẹ wá wo iṣẹ́ injiníà wa o!" Ó ní kí n pa tèmi rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Inú bí mi. Kálípà ló purọ́ ni, àbí ojú mi? Mo tún ẹsẹ̀ wọ̀n. Nọ́ńbà kan náà. Mo wá wọn àwòrán orí bébà fúnra ẹ̀: ó kéré sí ohun tí mo yà. Bébà ló súnkì!

Mo sáré padà lọ bá ọkùnrin tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. "Ṣé ẹ dín in kù ni?"

"Haba, Anti! Mo ní kí ẹ̀rọ dín in kù díẹ̀, kí etí àwòrán ẹ má baà gé ni."

Mo dúró lé e lórí títí ó fi tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí gan-an. Ẹsẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá ihò mu.

Ọ̀gá mi wò ó, ó ní bébà kì í ṣe bọ́ọ̀dù, ti íńtánẹ́ẹ̀tì ni ká fi ránṣẹ́. Mo ní, "Sà, ẹ fi tèmi ránṣẹ́. Bí ẹsẹ̀ kan ò bá wọlé, ẹ ò ní lé mi. Èmi fúnra mi á kó ẹrù mi." Ó pòṣé títí, ṣùgbọ́n tèmi ló fi ránṣẹ́.

Nígbà tí páálí bọ́ọ̀dù dé láti Ṣáínà, òun fúnra ẹ̀ ló tú u. Ó gbé tiransífọ́mà lé bọ́ọ̀dù, ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó mú òmíràn, ó wọlé. Ó dán mẹ́fà wò, ó ń wá èyí tó máa kọ̀. Kò rí.

Ó wá gbójú sókè. "Ọlọ́run mà ṣeun o. Ọlọ́run ló bá wa ṣe é."

"Ọlọ́run ṣeun, sà," mo ní. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo wọ̀n ọ́n."