Ohun Tó Wà Níwájú Ìbọn Bàbá Mi

Aránṣọ ni bàbá mi ní Tokpota, nílùú Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, yóò ti ilẹ̀kùn pa, yóò sì lọ ṣọdẹ ní abúlé tí wọ́n ti bí i, lókè Kétu. Láti ìgbà tí mo ti fi iléèwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin ni mo ti ń bá a ránṣọ. Lẹ́nu ọdún méjì yìí, èmi ni mò ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ fún un. Ó ní òwú ayé ìsinsìnyí ló rọ̀ jù.

Ní ọyẹ́ èṣí, ó ní èmi lòun máa mú lọ.

"Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yìí?" ni ìyá mi wí. "Bí ejò bá bù ú jẹ, ẹ ò ní í mọ̀ títí ẹ ó fi délé."

"Irú ẹ̀ gan-an ni mò ń wá," bàbá mi dáhùn. "Bó bá jẹ́ ìwọ ni mo mú lọ, gbogbo ẹran ìgbẹ́ á ti sá gba Kraké bọ́ sí Nàìjíríà."

A wọ takisí láàárọ̀. Kété tí a kọjá Avrankou ni oorun gbé mi lọ. Mo lajú, mo rí igi ọ̀pẹ. Mo tún lajú, kò sí ọ̀pẹ mọ́, ilẹ̀ ti pupa, ojú ọ̀run sì funfun bí aṣọ tí wọ́n sá. Nínú oorun mi, ọkọ̀ náà kò rìn rárá. Ilẹ̀ ló ń rìn bọ̀ wá bá wa.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni olórí ọdẹ ní abúlé náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìbọn ṣakabùlà bàbá mi máa ń wà. Ó gbé e lé bàbá mi lọ́wọ́, ó wá kọjú sí èmi tó máa ń pè ní ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, ṣé wọ́n ti sọ fún ọ? Bí ìbọn bá dún, ẹni tó bá ọdẹ lọ ló máa kọ́kọ́ sọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọdẹ á sọ tirẹ̀. Àwọn obìnrin ń ṣẹ́ igi nínú igbó yẹn, àwọn Fúlàní ń da màlúù kọjá. Ọdẹ tí kò bá mọ ohun tó ń yìnbọn sí mọ́, ìbọn rẹ̀ á lọ sórí àjà, kò sì ní í sọ̀ kalẹ̀ mọ́."

Mo ní mo gbọ́. Bàbá mi ń fi aṣọ nu ìbọn, kò wo ẹnì kankan nínú wa.

Ilẹ̀ ń mọ́ nígbà tí a wọ igbó. Bàbá mi ti kọ́ mi: bí mo bá rí ẹran lápá ọ̀tún, kí n fọwọ́ kan èjìká ọ̀tún rẹ̀, bó bá wà lápá òsì, kí n fọwọ́ kan ti òsì. Kùrukùru pọ̀. Igi kan á yọ sí wa, á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, á tún wọnú funfun yẹn lọ. N kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé inú takisí ni mo ṣì wà, pé mi ò tíì jí.

A jókòó létí odò kékeré kan. Ó pẹ́. N kò rí ẹran náà nígbà tó ń bọ̀. Ó kàn wà níbẹ̀ ni, lápá òsì, àgbọ̀nrín pupa kan, kùrukùru òwúrọ̀ yí i ká. Ó ń wò wá. Mo gbàgbé ohun tí mo wá ṣe. Ìgbà tó tẹ orí sí omi ni mo tó fọwọ́ kan èjìká òsì bàbá mi.

"Mo ti rí i," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀kánkán ló dojú ìbọn kọ, níbi tí ọ̀gán ikán pupa kan wà tó ga tó ọmọdé. Mo tún fọwọ́ kàn án.

"Mo ní mo ti rí i!"

Ìbọn dún. Èéfín bo gbogbo ibẹ̀. Àgbọ̀nrín ti lọ.

"Ó ṣubú!" Bàbá mi ti dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí bó ṣe ṣubú?" Ó rìn lọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ láti di ẹsẹ̀ ẹran mú. Ọwọ́ rẹ̀ ba ọ̀gán. Ó fọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, erùpẹ̀ ń ya bọ́.

Nígbà náà ni ohùn obìnrin kan wá láti ẹ̀yìn ibẹ̀: "Ta nìyẹn o? Èèyàn wà níbí o!" Òmíràn bú sẹ́rìn-ín. N kò rí wọn nítorí kùrukùru, ṣùgbọ́n wọn kò jìnnà.

Bàbá mi jókòó sílẹ̀.

"Ẹran sáré, mo tàsé," ó ní, kò kọjú sí mi. "Kò sí ọdẹ tí kì í tàsé. Ohun tí o máa sọ nìyẹn, àbí?"

Mo tẹ̀lé e padà sí abúlé. Ní gbogbo ọ̀nà, ó wù mí kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ẹran náà kúkú sáré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín obìnrin yẹn kò kúrò létí mi.

Àwọn ọdẹ mẹ́ta ti jókòó ní àgbàlá ẹ̀gbọ́n bàbá mi. "Aránṣọ ti dé!" ọ̀kan nínú wọn pariwo. "Ṣé ẹ pa ẹran náà ni, àbí ẹ kàn wọ̀n ọ́n?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, kí ló wà níwájú ìbọn?"

Mo wo ilẹ̀. "Ọ̀gán ni, Bàbá."

"Ẹran ńkọ́?"

"Ọwọ́ òsì ló wà. Àwọn obìnrin wà lẹ́yìn ọ̀gán náà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n kọjú sí bàbá mi pé kó sọ tirẹ̀. Ó gbé ìbọn náà sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tì í díẹ̀ sí iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bó ṣe wí ni," ó ní.

Nínú takisí tó ń gbé wa padà sílé, ó kọjú sí fèrèsé. A kọjá Pobè. Mo rò pé kò ní í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láé.

"Báwo ló ṣe rí?" ó bi mí lójijì.

"Kí ni, Bàbá?"

"Ẹran yẹn."

"Ó pupa. Ó ní àmì funfun tó-tò-tó lára."

"Ìwo ńkọ́?"

"Kò ní ìwo."

"Abo nìyẹn. Akọ ló ń ní ìwo, àwọ̀ akọ sì máa ń ṣú. Níbo làwọn àmì náà wà?"

Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé itan mi, mo sì ń fi ìka tọ́ka wọn sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe rí wọn.

"Má kánjú," ó ní, ó di ojú rẹ̀. "Etí rẹ̀ ńkọ́?"