Ohun Tí A Kò Sọ fún Ìyá Onílé

Ìgbà mẹ́ta ni mo ka oògùn ọmọ mi kí a tó kúrò ní Rexdale ní Toronto níbí, mo sì tún kà á nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ohun tí wọ́n ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde nílé, orúkọ tí n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè létí rẹ̀. Èmi àti bàbá rẹ̀, dókítà rẹ̀ àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kò mọ̀. Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ tí wọ́n bá gbọ́ pé ó ní in, bí ẹni ń dágbére fún un. Nítorí náà, mo máa ń sọ fún ọmọ mi pé, "A kì í sọ ọ́ síta."

Abúlé tí a lọ lo ìsinmi wà létí òkun ní ilẹ̀ Gíríìsì. Obìnrin kan níbi iṣẹ́ mi ló júwe rẹ̀. Àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń fi yàrá háyà níbẹ̀. Ìyá onílé yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ti ránṣọ ní Toronto fún ọdún púpọ̀ kó tó padà sílé, nítorí náà ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Abúlé náà dákẹ́. Láti ago méjì ọ̀sán sí márùn-ún, gbogbo fèrèsé á wà ní títì, ẹnikẹ́ni kì í kanlẹ̀kùn ẹnikejì. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo bá lọ, ṣùgbọ́n n kò rí i sinmi. Wákàtí wákàtí ni mò ń fọwọ́ kan ọmọ mi níwájú orí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo lọ ra búrẹ́dì. Mo fi ọmọ náà sọ́dọ̀ ìyá onílé ní àgbàlá. Ogún ìṣẹ́jú ni mo lò. Nígbà tí mo dé, kò sí ẹnikẹ́ni nílé.

Mo sáré lọ sétí òkun. Àwọn ìyá àgbà mẹ́rin, ìyá onílé nínú wọn, dúró nínú omi tó mù wọ́n dé àyà, àkẹtẹ̀ lórí wọn, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ bí ẹni jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ mi wà láàárín wọn, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Oṣù kẹfà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, omi náà kò tíì móoru rárá.

"Ẹ wo ìyá rẹ̀!" ni ìyá onílé kígbe. "Ó ń sáré bí ẹni pé òkun fẹ́ jí ọmọ gbé. Ìwẹ̀ kìíní rẹ̀ rèé. Tó bá fi lè pé ogún, kò ní ṣàìsàn títí ìgbà òtútù yóò fi kọjá."

Àṣà wọn ni. Àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ máa ń ka iye ìgbà tí wọ́n bá wẹ̀ nínú òkun lọ́dún. Wọ́n ní òun ló ń lé àìsàn.

"Màmá, ó ti tó," ni mo wí. "Òtútù tètè máa ń mú un." N kò sọ ju ìyẹn lọ.

"Òtútù ń mú ọmọ Toronto?" Ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn tó kù, wọ́n bú sẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń fa ọmọ mi jáde nínú omi.

Ago kan ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìrora bẹ̀rẹ̀ ní ojúgun rẹ̀ méjèèjì. Mo fún un ní oògùn, mo gbé rọ́bà omi gbígbóná lé e lẹ́sẹ̀. Mo wọn ìgbóná ara rẹ̀. Kò tíì dé iye tí dókítà ní kí n tìtorí rẹ̀ sáré lọ sílé ìwòsàn. Mo ti fèrèsé. Ọmọ náà fi eyín di pílò mú kí igbe má baà jáde. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí o ò sọ fún ìyá onílé pé o kì í wọ omi tútù?"

Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, bó ṣe máa ń ṣe: "Ẹ ní n kò gbọ́dọ̀ sọ. Ẹ tún ní n kò gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí àgbà lẹ́nu. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?"

Mo pààrọ̀ omi inú rọ́bà náà.

Ní ago mẹ́ta, wákàtí tí ẹnikẹ́ni kì í kanlẹ̀kùn, ìyá onílé kanlẹ̀kùn. Ó wo ọmọ náà, ó wo rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Inú ló ń run ún," ni mo yára sọ.

"Inú ti wá wà lẹ́sẹ̀ báyìí?"

Mo bá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa sọ ọ́ fún àjèjì nìyẹn. Kò káàánú mi. Ńṣe ló bínú.

"Àbúrò mi ọkùnrin ní àrùn ẹ̀jẹ̀ tó jọ èyí. Òun nìkan kọ́ ní abúlé yìí! Ká ní o sọ ni, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kan omi yẹn. Ìwọ lo jẹ́ kí n pa ọmọ lára."

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ọmọ ni kí o bẹ̀."

Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, bó bá di pé ká lọ sílé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà ló yá aṣọ níná, ó ń we é mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ìrora ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọmọ mi lanu.

"Àbúrò yín ńkọ́? Ṣé ó ti kú?"

"Ta ló kú? Ó wà ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, ó ń bá àwọn apẹja jà. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni."

Ọmọ mi kọjú sí mi. "Ṣé èmi náà lè dàgbà tó bẹ́ẹ̀?"

N kò mọ̀ pé ó ti ń rò ó. N kò jẹ́ kó rí ẹnikẹ́ni tó ní irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí, kékeré tàbí àgbà. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi, ó sì tún bi ìyá onílé ní ìbéèrè kan náà.