Ìwé Tí Akọ̀wé Kọ Lọ́jọ́ Tí Wọ́n Yọ Eleuterio

Ó ti rẹ Saturnina Pumayali. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò sàn ni mò ń wí o, àárẹ̀ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń ṣe akọ̀wé káńsù ní Yanapampa, ìlú kékeré orí òkè níbi tí òtútù ti ń wọni léegun. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ níjòkòó, òun ló ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan báyìí. Àwọn méyọ̀ ń wá, wọ́n ń lọ. Ìwé náà àti Saturnina ò lọ ibì kankan. Ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ọmọ kó lọ sí Lima, orúnkún ò fẹ́ gun àtẹ̀gùn mọ́, síbẹ̀ aago mẹ́jọ á lù, á ti jókòó.

Méyọ̀ mẹ́fà ló ti bá ṣiṣẹ́, wọ́n yọ méjì nínú wọn. Ẹ jí i lójú oorun, á ka ohun tí òfin ní kí wọ́n tìtorí rẹ̀ yọ méyọ̀: bó bá kú, bí àìsàn ò bá jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ mọ́, bí ilé ẹjọ́ bá jù ú sẹ́wọ̀n, bó bá kó kúrò nílùú, bó bá gba ẹbí ara rẹ̀ síṣẹ́ káńsù, bó bá fi ìlú sílẹ̀ ju ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko lọ láìgba àyè. Òfin tó dáa ni, nítorí olè àti ọ̀lẹ ni wọ́n ṣe ṣe é. Àmọ́ ní Yanapampa, ọjọ́ tí wọ́n bá ti búra fún méyọ̀ tuntun lẹni tó fìdí rẹmi ti máa ń wá èyí tí yóò fi gbé e ṣubú nínú wọn. Ó sú Saturnina. Bó bá ti rí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ pẹ̀lú fáìlì lábíyá, á ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin péré ló kù kó fẹ̀yìn tì nígbà tí ọ̀rọ̀ Eleuterio Tapara dé. Eleuterio ni méyọ̀ tó wà lórí oyè, àgbẹ̀ ọ̀dùnkún, èèyàn jẹ́jẹ́. Ìyá rẹ̀ wà ní ọsibítù ní Arequipa, wọ́n wá ránṣẹ́ pè é pé ó le. Ó dìde níjòkòó, ó bẹ káńsù pé kí wọ́n fún òun láyè. Kánsẹ́lọ̀ márààrún ò jiyàn. Pelagio tó dàgbà jù nínú wọn tú àpò ewé koka rẹ̀, ó gbé e yí ká. Ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ewé mẹ́ta, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ó ní kí Eleuterio máa lọ, kó bá òun kí ìyá. Saturnina ti mú báírò. Ó rí ewé, ó gbé báírò sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti fi ewé koka sọ nílùú yẹn, ìbúra ni, wọn kì í kọ ọ́. Ẹni tó bá ní kí wọ́n kọ ọ́, òpùrọ́ ló ń pe àwọn tí wọ́n jọ jókòó.

Òfin ò sì mọ koka.

Ìyá kú lọ́sẹ̀ kẹta. Òkè ya, ó dí ọ̀nà. Kí wọ́n tó gbé òkú dé, kí wọ́n tó sin ín, ọjọ́ méjìdínlógójì ti pé. Aṣọ ọ̀fọ̀ ṣì wà lọ́rùn Eleuterio tó fi bá ìwé ẹ̀sùn lórí tábìlì. Wilfredo Arosquipa tó ń ta símẹ́ńtì, tí Eleuterio fi ìbò mọ́kànlélógún là mọ́lẹ̀, ló kọ ọ́: méyọ̀ fi ìlú sílẹ̀ ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, kò gbàyè. Lọ́yà tó mú wá ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́. Kí akọ̀wé dìde lọ́jọ́ tí káńsù yóò dìbò lórí ẹ̀sùn náà, kó sọ bóyá àyè náà wà nínú ìwé tàbí kò sí.

Kò sí. Saturnina ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti ṣí i wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Basilia ìyàwó Eleuterio bá a níbi tó ti ń sá ọ̀dùnkún. Ó gbé wàràkàṣì kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé ìlà mẹ́ta ṣófo nísàlẹ̀ ojú ìwé ọjọ́ náà.

“Ìyá, òtítọ́ mà ni. Mi ò ní kẹ́ ẹ purọ́.”

“Òtítọ́ ni, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ kọ ọ́ lónìí bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ni mo kọ ọ́, mo ti sọ ọ́ di irọ́.”

Basilia sunkún lọ. Saturnina jókòó ti ọ̀dùnkún rẹ̀, ojú ń tì í. Ká ní ó kọ ìlà méjì lọ́jọ́ yẹn ni, ta ni ì bá fẹnu kan ọmọ ọlọ́mọ? Ó fa ẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Pelagio, ó ní kó ṣáà wí níjòkòó ohun tó wí sórí koka. Bẹ́ẹ̀ Wilfredo ti ṣèlérí símẹ́ńtì fún gọ́tà omi tí àdúgbò Pelagio fi ń bomi rin oko.

“Akọ̀wé,” ni Pelagio wí, kò wojú rẹ̀, “níbo lẹ kọ ọ́ sí?”

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Saturnina ò bá a jà. Kò lágbára rẹ̀.

Ọjọ́ ìdìbò pé. Lọ́yà béèrè, Saturnina dìde, ó ní kò sí nínú ìwé. Ọwọ́ mẹ́rin ni òfin ń fẹ́ nínú mẹ́fà, ti méyọ̀ wà nínú rẹ̀, mẹ́rin ló sì lọ sókè. Ti Pelagio ló kẹ́yìn, kò sì kọjá èjìká. Wọ́n yọ Eleuterio.

Àmọ́ ìyọnípò ò tíì múlẹ̀ títí akọ̀wé yóò fi kọ ọ́, tí yóò kà á sókè, tí gbogbo káńsù yóò fọwọ́ sí i. Lọ́yà ń wo aago. Saturnina ò kánjú. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó kà á:

“Wọ́n yọ Eleuterio Tapara nípò nítorí ó fi ìlú sílẹ̀ fún ọjọ́ méjìdínlógójì, àyè tó gbà kò sì sí nínú ìwé. Ìyá rẹ̀ ló lọ sin. Àwọn kánsẹ́lọ̀ márùn-ún tó fọwọ́ sí ìwé yìí ló fún un láyè lórí ewé koka, lójú akọ̀wé. Akọ̀wé ò kọ ọ́ sílẹ̀.”

Kánsẹ́lọ̀ kan ní kó pa ìyẹn rẹ́.

“Ẹni tó bá ní irọ́ ni kó wí,” ni Saturnina dáhùn, “màá kọ ìyẹn náà, màá sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i.”

Lọ́yà rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ewu, àyè tí kò sí nínú ìwé, àyè kọ́ nìyẹn lójú òfin, kí wọ́n ṣáà fọwọ́ sí i kí àwọn máa lọ. Pelagio gba báírò. Ó ka ìwé náà, ó tún un kà. Ó fọwọ́ sí i. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Ó kan Eleuterio. Ó fi ìka tọ ìlà tí ìyá rẹ̀ wà, ó fọwọ́ sísàlẹ̀, ó dá báírò padà.

“Ẹ ṣé, Ìyá,” ló wí, bí ẹni tí wọ́n ṣe lóore.

Saturnina pa ìwé ńlá náà dé, ó gbọ́wọ́ lé e.