Ọ̀pẹ Ẹ̀gà Iwájú Ahéré

Òórùn púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń yan lórí iná, pẹ̀lú èéfín igi tútù, ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú bí mo bá rántí ahéré wa lẹ́yìn Ìkọ̀yà. Òjò ọdún tí mo lọ síbẹ̀ kì í dá. Mo lọ ń gbé ọ̀dọ̀ wọn nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ti já láti orí ọ̀pẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ti kú. Òun ló kọ́ mi ní iṣẹ́ akọ̀pẹ. Ìwé kẹta ni mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, mi ò sì fi í pa mọ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀pẹ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, kí ló fẹ́ fi bírò ṣe? Ní gbogbo agbègbè wa títí dé Òkìtìpupa, kò sí ẹni tó ń gùn ún bíi tèmi. Màá so okùn igbà, màá gòkè, màá gé odi ẹyìn mẹ́ta, màá sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí ẹlòmíràn tó pọ́n àdá rẹ̀ tán. Ọ̀rẹ́, mi ò purọ́, bi àwọn tó mọ̀ mí.

Ọ̀pẹ kan wà níwájú ahéré náà tí àwọn ẹ̀gà ti gbà pátápátá. Ìtẹ́ wọn ń rọ̀ dirodiro lára imọ̀ rẹ̀, ariwo wọn a sì ti sọ kí ojúmọ́ tó mọ́ tán. Láràárọ̀ ni mo máa ń gbé ẹ̀gbọ́n mi jáde sórí ẹní lábẹ́ àtíbàbà kó lè máa wò wọ́n. Ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí èèyàn ṣe ń mọ ewúrẹ́ rẹ̀. Akọ ló ń kọ́lé, orí rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ sì dà bí ọsàn pípọ́n. Bí ó bá parí, abo á wá fi ẹnu fa ilé náà wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fò lọ, akọ á sì tú gbogbo rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan wà tí wọ́n ti kọ ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ ní Àpọ́n.

"Àpọ́n tún ti ń tú ilé rẹ̀ o!" Á máa rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó ní òrùlé ń jò."

"Ẹ ní kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi, Ẹ̀gbọ́n."

"Lọ́wọ́ ìwọ wo? Ìwọ tí òjò lé ìyàwó rẹ kúrò nínú ilé tó o kọ́!"

Bí mo bá ti oko dé nírọ̀lẹ́, á fẹ́ ròyìn fún mi: àṣá tó kọjá tí gbogbo ẹ̀gà fi dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kẹ́rẹ́ tó wá yọjú sí ẹyin wọn. Mi ò kì í jẹ́ kó dé ìdí ọ̀rọ̀. Èmi náà ní ìròyìn ọ̀pẹ tí mo gùn lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ kan, akọ̀pẹ méjì yà sábẹ́ àtíbàbà wa nítorí òjò, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń sùn nínú ilé. Kò sí akọ̀pẹ tí kò mọ̀ pé ẹ̀gà máa ń ya ewé ọ̀pẹ títí kò fi ní so mọ́. Ọ̀kan gbójú sókè, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá akọ̀pẹ, ṣé ẹ̀gà ló wá di onílé níwájú rẹ báyìí? Àbí èyí ti ga jù fún ọ?"

"Fi í sílẹ̀," èkejì wí. "Eékún ti ń dùn ún."

Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí bí ata ojú. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ tó ń kó ẹyìn gbé ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Bí wọ́n ṣe yí kọ́nà ni mo so igbà. Mo gé gbogbo imọ̀ ọ̀pẹ náà, mo fi mọ̀rìwò nìkan sílẹ̀. Àwọn ìtẹ́ ń já bọ́. Ẹyin wà nínú òmíràn, ọmọ tí kò tíì níyẹ̀ẹ́ sì wà nínú òmíràn, wọ́n la ẹnu sílẹ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ dà sínú igbó. Inú mi dùn gan-an ni. Mo ní ọ̀pẹ ẹ̀gbọ́n mi á tún so, á sì yìn mí.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé. Mo gbé ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì gbójú sókè. Ẹ̀gà bíi mélòó kan ṣì ń fò yí ibẹ̀ ká, wọn ò rí ibi bà lé.

"Ta ló gùn ún?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n. Kò tiẹ̀ pẹ́ mi rárá."

Ó wò ó títí. "O gùn ún dáadáa," ló wí. "Gbé mi wọlé."

Ní òwúrọ̀, mo wá gbé e jáde, ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ kẹta. Ìyàwó rẹ̀ ló pè mí sí ìdí iná.

"Bí èmi àti ìwọ bá lọ sóko, ta lo rò pé ó ń bá a ṣeré látàárọ̀? Ṣé o ò mọ̀ ni?"

Mi ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí ògiri títí ó fi kú, òjò ọdún náà ò sì tíì dá. Wọ́n ní egbò ìdùbúlẹ̀ ló pa á. Kò sí ẹni tó dá mi lẹ́bi, èmi náà sì ti sọ ọ́ fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà pé egbò ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń rí láràárọ̀ kó tó kú, tí mo bá wá bi í bóyá ó fẹ́ jáde.

Nígbà tó di òjò ọdún kejì, ọ̀pẹ náà ti yọ imọ̀ tuntun, àwọn ẹ̀gà sì padà dé. Mo tẹ́ ẹní sí ibi tó máa ń wà, mo sì wò wọ́n láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Mo fẹ́ mọ èyí tí wọ́n kọ ilé rẹ̀, mo fẹ́ mọ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Bákan náà ni gbogbo wọn rí lójú mi. Ẹ̀gbọ́n mi ì bá fi wọ́n hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojoojúmọ́ ló sì ń gbìyànjú rẹ̀, èmi ni mi ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.