Omi Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Mu

Títí di òní, bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí, ara mi ni mo máa ń bínú sí.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Idigny, lágbègbè Kétu, ni mo gbẹ́ kòtò sí, mo fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, mo kó ọmọ ẹja àrọ̀ sínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń dín kù. Yàrá ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ bàbá mi, ló kọjú sí kòtò náà. Ta ni ǹ bá tún fura sí? Mo so iná tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ kọ́ sórí omi kí n lè rí ọwọ́ rẹ̀. N ò rí ọwọ́ kankan, ẹja sì túbọ̀ ń tán.

Èmi kì í ṣe onísùúrù. Mo pè é lólè níwájú gbogbo ará ilé. Nílé wa, ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn olè kàn á bu omi ibi tí nǹkan ti sọnù mu, á sì búra. Kò gbọdọ̀ fẹnu kan oògùn fún ọjọ́ méje, kí wọ́n má baà ní omi ti mú un. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi jiyàn. Ó bu omi kòtò mu, ó ní bí òun bá jí ẹyọ kan, kí omi náà pa òun.

Lọ́jọ́ kejì, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ó ń bì, ó ń yàgbẹ́, ó sì kọ̀ láti lọ sí lópítà. Èmi ń sọ lọ́kàn mi pé ọwọ́ ti bà á. Ìkà ni mí lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa mọ́, ẹ̀rù wá bà mí. Ṣé torí ẹja ni màá ṣe sin ọmọ bàbá mi?

Mo gbọ́n kòtò náà gbẹ. Kòkòrò omi ńláńlá, dúdú, ló kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan ti há ẹja mọ́ ẹnu, ó ń jẹ ẹ́ láàyè. Méjì ti kú mọ́ ara iná tí mo so. Iná mi ló túbọ̀ ń pè wọ́n wá.

Mo kó wọn sínú abọ́, mo sáré lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹní rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, àwọn olè náà nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sí lópítà.”

Ó wo inú abọ́ náà, ó ní:

“Ṣé kòkòrò ni àwọn ará ilé gbọ́ pé o pè lólè?”

Mo jáde. Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo ń sọ ọ́ sókè pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Ìgbà tó gbọ́ ohùn mi lójúlé tó kẹ́yìn ló tó gbà kí wọ́n gbé òun sẹ́yìn alùpùpù mi. Ọ̀nà Kétu ò dára, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dì mọ́ mi. Irin ẹ̀yìn alùpùpù ló dì mú títí a fi dé lópítà.