Ghuloom Oníbúrẹ́dì àti Ìwé tí Kò Dé

Bàbá mi ni ó sin Ghuloom lọ síwájú àwọn òyìnbó Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, nítorí pé a kì í sọ ọ́ nínú ilé wa.

Ghuloom ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Mahnaz ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Búrẹ́dì ni ó ń ṣe ní ẹ̀yìn ọjà Manama, nínú ààrò amọ̀ tí bàbá rẹ̀ mọ. Bàbá náà ti Ìráànì wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Bahrain, erékùṣù wa, láyé ìgbà tí ẹnikẹ́ni kì í bi èèyàn ní ìwé bí ó bá sọ̀kalẹ̀ ní èbúté. Manama ni wọ́n ti bí Ghuloom. Èdè Páṣíà ni ó fi ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, èdè Lárúbáwá ni ó fi ń bá oníbàárà ṣàwàdà. Irun kò hù ní apá rẹ̀ ọ̀tún. Iná ti jó o tán láti kékeré.

Mùsùlùmí ìjọ Shia ni, Mùsùlùmí ìjọ Sunni ni àwa. Àwọn oníṣòwò aṣọ ará Íńdíà tí tẹ́ḿpìlì wọn wà ní kọ̀rọ̀ kejì, arúgbó Júù tí à ń pè ní Ìyá Sasson, àwọn nọ́ọ̀sì tó jẹ́ onígbàgbọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wa ti ń ra oúnjẹ àárọ̀. Kò sí ẹni tó kà á sí ohun ìyanu. Ebi ń pani, búrẹ́dì gbóná, ó parí. Bí ó bá ti tà fún wa tán, á gbé ìyókù sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á sì gbé e lọ sí bárékè àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní etí omi, nítorí ó ń pèsè fún ilé ìdáná wọn.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ń kó ẹrù àwọn lọ, Ìráànì ní tòun ni ìlú wa. Ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá rán àwọn èèyàn wá, ní ọdún 1970, kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí àwa fúnra wa fẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà dé láti ọwọ́ Heydar, àbúrò Ghuloom, tó ti padà lọ ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn ní Bushehr, ní Ìráànì. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun sọ fún àwọn òyìnbó náà pé ilé, ìyẹn Ìráànì, ni kí wọ́n dá Bahrain padà sí.

Bàbá mi, Tíṣà Sanad, tó ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, gba ìdí ààrò lọ. Èmi ni mo gbé apẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Bàbá Mahnaz, ṣé o ti gbọ́ pé àwọn òyìnbó náà ti dé sí hòtẹ́ẹ̀lì?"

"Mo gbọ́. Ṣé búrẹ́dì ni wọ́n fẹ́ rà?"

"Ẹnu rẹ ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Bí èmi Lárúbáwá bá ní a kì í ṣe ti Ìráànì, wọ́n á ní kí ni mo tún fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ìwọ tí bàbá rẹ tọ̀hún wá, bí o bá wí i, ó parí."

Golandam, ìyàwó Ghuloom, ń po ìyẹ̀fun lẹ́yìn wọn. Ó ní, "Tíṣà, ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ọba méjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ oníbúrẹ́dì."

"Ìyá Mahnaz, ìlú kì í gbàgbé ẹni tó bá jẹ́rìí fún un."

"Ìlú wo? Èyí tó gbàgbé láti fa omi dé ojúlé wa yìí?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Ghuloom fọ ọwọ́, ó wọ ẹ̀wù funfun tó fi ń kí Ọdún, ó sì bá bàbá mi lọ. Bàbá mi ní ó bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì, òun ni òun ní kó wọ̀ ọ́ padà. Ohun tó sọ kò gùn: "Ibí ni wọ́n ti bí mi. Ibí ni ààrò mi wà. Ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì mi kò bi mí ní ìjọ tí mò ń lọ, èmi náà kò bi í. Ẹ jẹ́ kí ìlú yìí dá dúró, kí n sì jẹ́ ọmọ rẹ̀."

Nígbà tí Heydar gbọ́ ohun tó sọ, lẹ́tà tó kọ kò ju ìlà kan lọ: òun kò ní ẹ̀gbọ́n ní Bahrain mọ́. Ìyá wọn kú nígbà òtútù ọdún náà. Oṣù méje lẹ́yìn ìsìnkú ni Ghuloom tó gbọ́, láti ẹnu atukọ̀ kan tó wá ra búrẹ́dì, tó sì rò pé ó ti mọ̀.

Lọ́jọ́ tí a gba òmìnira, nínú oṣù Ògọ́sítì 1971, tí ooru ń bó èèyàn láwọ̀, Ghuloom kò ta búrẹ́dì kan. Ó ń fi tọrẹ. Golandam ní, "Ṣé ìwọ lọba ni?" Ó dá a lóhùn pé, "Lónìí, èmi náà ni."

Lẹ́yìn náà ni ó lọ béèrè ìwé ọmọ ìlú. Akọ̀wé kan ló jókòó síbẹ̀.

"Ìwé wo ni bàbá rẹ fi wọ̀lú?"

"Ọkọ̀ ló fi wọ̀lú, ọ̀gá. Ọkọ̀ ìgbà yẹn kò mọ̀wé."

Akọ̀wé náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó padà wá lẹ́yìn Ààwẹ̀, kò sì sọ Ààwẹ̀ ọdún wo. Ghuloom padà lọ lẹ́yìn Ààwẹ̀ náà, àti èyí tó tẹ̀ lé e, àti òmíràn. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun nínú fáìlì wọn. Bàbá mi kọ lẹ́tà méjì fún un. Kò sẹ́ni tó fèsì.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àwọn Amẹ́ríkà gba apá kan bárékè náà, ìwé ìròyìn sì ní ọ̀rẹ́ wa tuntun ni wọ́n. Ghuloom ṣì ń gbé búrẹ́dì lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀ṣọ́ tuntun ẹnu géètì ní kó mú káàdì ọmọ ìlú jáde. Kò ní. Wọ́n dá a padà tòun ti búrẹ́dì gbígbóná. Ó pín in fún àwọn apẹja ní etí omi, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ wálé, kò gùn ún.

Ọdún 1977 ni ọ̀gá ìjọba kan bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn àlejò láti òkè òkun wá wo àdúgbò wa. Wọ́n á wo tẹ́ḿpìlì, wọ́n á wo ilé àdúrà àwọn Júù, wọ́n á wá parí rẹ̀ sí ìdí ààrò Ghuloom. Bàbá mi ni wọ́n gbà ṣe ògbufọ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo wà lórí ìlà, mo fẹ́ ra búrẹ́dì.

Ọ̀gá náà ní, "Ẹ wò ó. Ọmọ Shia ló ń ṣe é. Júù, ará Íńdíà, onígbàgbọ́, gbogbo wọn ló ń jẹ ẹ́. Bí a ṣe ń gbé níbí nìyẹn."

Obìnrin òyìnbó kan ní òun fẹ́ gbọ́ lẹ́nu oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀. Ghuloom nu ọwọ́ rẹ̀.

"Tíṣà, bá mi sọ fún un pé òótọ́ ni. A kì í bára wa jà níbí. Ṣùgbọ́n kó bá mi bi ọ̀gá yìí ìdí tí mi ò fi ní ìwé. Ọdún kẹfà rèé."

Ọ̀gá náà wo bàbá mi. Bàbá mi wo ilẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ fún obìnrin náà pé inú oníbúrẹ́dì dùn, pé ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, pé ó ń gbàdúrà kí ọ̀rẹ́ ìlú méjèèjì kalẹ́.

Bàbá mi ló kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi gbọ́ ọ.

Obìnrin náà di ọwọ́ Ghuloom mú, wọ́n ya wọ́n ní fọ́tò. Nígbà tí àwọn àlejò ń wọ mọ́tò, Ghuloom pe bàbá mi sẹ́yìn.

"Tíṣà, ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi gbé búrẹ́dì fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé o rò pé mo máa ń fi etí mi sílé ni?"

"Bàbá Mahnaz, iṣẹ́ mi ni…"

"Mo mọ̀. O ní ọmọ mẹ́rin. Gba búrẹ́dì rẹ, ó ń tutù."

Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kò gba ojú ọ̀nà yẹn mọ́. Èmi ni ó ń rán.

Lẹ́yìn tí ìjọba dojú dé ní Ìráànì, ẹni tó bá ń sọ Páṣíà láàárín wa di ẹni tí à ń fura sí. Ní 1981, ní ìyálẹ̀ta, ọkùnrin méjì wá sí ìdí ààrò, wọ́n ní kí Ghuloom àti Golandam máa bọ̀, kí wọ́n padà sí ìlú wọn. Ìyẹ̀fun ṣì wà nínú ọpọ́n.

Mahnaz, tó ti wà nílé ọkọ, sáré wọ ilé wa láìwọ bàtà. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi.

"Tíṣà, ẹ bá wa lọ. Ẹ sọ ohun tó sọ níwájú àwọn òyìnbó fún wọn. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀."

Bàbá mi wọ agbádá rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró pẹ́, ó sì bọ́ ọ. "Lọ́la," ni ó wí. "Lọ́la ni n ó rí ọ̀gá wọn gan-an."

Èmi àti Mahnaz la lọ sí èbúté. Wọ́n ti kó wọn sínú ọkọ̀ igi kan pẹ̀lú àwọn mìíràn. Ghuloom jókòó sórí àpò kan, ìyẹ̀fun ti gbẹ mọ́ ọn lápá. Ó rí wa. Ó na ọwọ́ sí Mahnaz pé kó máa lọ sílé, pé oòrùn mú. Kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, ọkọ̀ náà ti ṣí.

Ohun tó kù, ẹnu Golandam ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí mo lọ sí Bushehr ní ọdún 2003. Mahnaz ti gba ìwé tirẹ̀ nígbà yẹn, nítorí pé ìjọba ti wá ń fún irú wọn tó kù nílé. Bàbá mi sì ti kú.

Golandam ní nígbà tí àwọn gúnlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté bi wọ́n ní ìwé. "Mo ní a ò ní. Wọ́n ní, 'Ará Bahrain ni yín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ẹ kì í ṣe tiwa?' Ọ̀sẹ̀ méjì la sùn sí abẹ́ páànù. Heydar ló wá dúró fún wa. Kò kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò bú u. Ó tẹ ìka bọ ìwé, ó lọ."

Ìdí ààrò ẹlòmíràn ni Ghuloom ti ń gbowó iṣẹ́ níbẹ̀. Ará Bahrain ni àdúgbò ń pè é, àwọn ọmọdé ń fi kọrin tẹ̀ lé e. "Ohun tí wọ́n kọ̀ láti kọ sínú ìwé fún un nílé," ni Golandam wí, "òun ni wọ́n ń fi bú u lójoojúmọ́ níbí." Ọdún kẹfà ni èéfín pa á, láti inú àyà.

Mo ní, "Ìyá Mahnaz, mo wá bẹ̀ yín nítorí bàbá mi."

"Ṣé òun ló ní kí o wá kó tó kú?"

Ó ṣe mí bíi kí n purọ́. Mo ní, "Rárá, mà."

"Má bẹ̀ mí nígbà náà. Mu tíì rẹ."

Tíì náà korò. Abọ́ ṣúgà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹní. Kò tì í sọ́dọ̀ mi, èmi náà kò sì béèrè.