Iṣẹ́ Tí Hámzà Rán Mi sí Àwọn Tíṣà

"Sọ fún wọn kí wọ́n gbé Olúwa sẹ́yìn."

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi Hámzà sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Kabba. Mo lọ bu omi gbígbóná. Kí n tó dé, ó ti kú.

Ọmọ oníṣu ni wá. Hámzà ò fẹ́ràn oko, rédíò ló máa ń tú kiri. Ó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìlọrin, ó padà wálé wá tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé-ìwé kan. Èmi ò kàwé púpọ̀. Èmi ń gbá yàrá náà, mò ń tan jẹnẹrétọ̀.

Ẹ̀rọ mẹ́tàlá ni. Ìdílé Yúníìsì, irú ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mẹ́rin ti gbó. Tẹ́lẹ̀, páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀rọ kan ò ṣí èkejì, àwọn tíṣà á kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Hámzà wá fi ẹ̀rọ kan ṣe olórí, ó kó páásíwọ́ọ̀dù gbogbo èèyàn sọ́dọ̀ rẹ̀. Ibi yòówù kí o jókòó sí, ẹ̀rọ iwájú rẹ á bi olórí náà kó tó ṣí fún ọ. Inú wọn dùn.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́jọ àkọ́kọ́ nìkan ni àwọn àgbà mẹ́rin yẹn ń kà. Nítorí tiwọn, gbogbo ẹ̀rọ ń kà á bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Àǹtí Tabitha, tíṣà ìṣirò, jókòó. Orúkọ Ọ̀gá Jethro, olórí ilé-ìwé, ló wà lójú ẹ̀rọ. Kò wò ó. Ó tẹ páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ti ọ̀gá ṣí.

Hámzà bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin mélòó lẹ fi oluwaseun bẹ̀rẹ̀ tiyín?"

Nínú tíṣà mọ́kànlá, mẹ́jọ nawọ́. Ọ̀gá náà nawọ́.

"Málàmù, kọ́kọ́rọ́ kan lo gbẹ́ fún gbogbo wa," ni ọ̀gá wí. "Bí o ò bá tún un ṣe títí ọjọ́ Ẹtì, a ó padà sí àtẹ́lẹwọ́ wa."

Ọjọ́rú ni àìsàn dá Hámzà dùbúlẹ̀. Ọjọ́bọ̀ la sin ín. Ọjọ́ Ẹtì, mo lọ jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi.

"Okun o, àbúrò," ni ọ̀gá fi èdè ilé wa kí mi. "Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Àmín, sà. Ó ní kí ẹ gbé Olúwa sẹ́yìn."

"Kí la gbé sẹ́yìn?"

"Nínú páásíwọ́ọ̀dù, sà. Kí kálukú fi lẹ́tà mẹ́jọ tara rẹ̀ síwájú. Kí oluwaseun wá tẹ̀lé e."

Àǹtí Tabitha rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, Olúwa ò ní bínú. Ṣebí ẹ̀yìn ẹran ni darandaran ń rìn."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n tò. Hámzà ti kọ́ mi ní àṣẹ kan tí a fi ń yí i padà. Mo tẹ̀ ẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo yíjú sẹ́yìn kí wọ́n tẹ tiwọn. Nígbà tí wọ́n parí, Àǹtí Tabitha lọ sídìí ẹ̀rọ tó gbó jù. Ó tẹ orúkọ ara rẹ̀, ó ṣí. Ó tẹ orúkọ ọ̀gá pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, ó kọ̀.

"Ó lé mi o!" Ó ń pàtẹ́wọ́.

"Iṣẹ́ Málàmù dúró," ni ọ̀gá wí. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú u."

Wọ́n lọ. Ọyẹ́ ti da eruku bo tábìlì. Mo rẹ àkísà sómi, mo fún un, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.